Odi Datong tí Geng Yanbo tún mọ: mo rìn ín yí po

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo dé ìdí odi Datong ni pé mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo sì fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí bíríkì kan ti pàdé èkejì. Òtútù oṣù kọkànlá ní àríwá ìpínlẹ̀ Shanxi ní Ṣáínà kì í ṣe èyí téèyàn ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sí, ṣùgbọ́n ọmọ bíríkìlà ni mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi fi mọ ilé onílé l'Óṣogbo, ohun tó sì kọ́ mi ni pé ọwọ́ ń mọ iṣẹ́ bíríkì ju ojú lọ. Bí mọ́tà bá ti jẹ iyanrìn jù, ojú lè má rí i, àmọ́ yóò máa hó sí ọ lọ́wọ́ bí gúgúrú. Mo tọ odi yẹn lọ bí ogún ìṣísẹ̀. Kò hó. Àwọn tó mọ ọ́n mọ iṣẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ṣáínà ni mò ń kọ èyí fún, yálà ẹ̀kọ́ lẹ wá kọ́ bíi tèmi tàbí ọjà lẹ wá rà, tí ẹ bá ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́ tí ẹ ò mọ ibi tí ẹ máa gbà. Beijing ni gbogbo èèyàn ń sá lọ, tàbí Xi'an. Èmi ní kí ẹ lọ sí Datong. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ mọ orúkọ Geng Yanbo, méyọ̀ tó tún odi ìlú náà mọ, torí láìsí orúkọ yẹn, bíríkì lásán lẹ máa rí.

Inú takisí ni èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Taiyuan, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Shanxi, ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti afárá. Ní 2016, ìlú yìí pààrọ̀ gbogbo takisí rẹ̀, tó lé ní 8,000, sí ọkọ̀ oníná BYD e6. Wọn kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù tó ń mu epo. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo wọ ọ̀kan láti ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú àpò ńlá méjì. Ọkọ̀ náà gba ẹrù mi, kò pariwo, kò rùn. Mo ní kó dáa o, ọkọ̀ yín dákẹ́ bí ilé ìjọsìn. Awakọ̀ náà, àgbàlagbà tó ti wa takisí láti ìgbà epo, na ọwọ́ sí iná ojú ọ̀nà, ó ní: “Méyọ̀ Geng ló kó wọn wá. Ọ̀nà tí a wà lórí rẹ̀ yìí náà, òun ló là á. Ó wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kó tó là á.” Gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ohùn kan náà, mi ò lè sọ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀sùn. Ohùn yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkùnrin náà.

Àgbègbè Heshun, ní Shanxi níbí, ni wọ́n ti bí i ní 1958. Nígbà tó wà nípò ìjọba ní Lingshi, wọ́n tún àgbàlá ìdílé Wang ṣe, ilé ńlá àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ tí ó ti ń wó lọ, ó sì di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Yuci, ó tún ṣe bákan náà sí ìlú àtijọ́ tó wà níbẹ̀ àti sí àgbàlá ìdílé Chang. Lẹ́yìn náà ló di igbákejì méyọ̀ ní Taiyuan, kí wọ́n tó fi í ṣe méyọ̀ Datong ní 2008. Ibi gbogbo tí ọkùnrin yìí dé, ògbólógbòó ilé ló ń wá, ibi gbogbo ló sì ti ń wó òmíràn lulẹ̀. Àwọn aráàlú sọ ọ́ ní “Geng Chaichai”. “Chai” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára ilé tí katakata fẹ́ wó. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì mọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa méyọ̀ ní Ṣáínà, torí yóò ràn yín lọ́wọ́ láti ka odi náà. Aráàlú kì í tò sórí ìlà dìbò yan méyọ̀. Ìgbìmọ̀ aṣojú ìlú ló ń dìbò fún ẹni tí ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì bá ti fà kalẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìlú náà sì ga ju méyọ̀ lọ. Ìgbàkigbà ni wọ́n lè gbé e kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ odi tó gùn ju kìlómítà méje lọ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ní láti sáré, Geng sì sáré. Tí ẹ bá dúró lórí odi yẹn, ẹ máa rí ìsáré náà.

Ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá ni mo wọ̀ láti Taiyuan. Láti Beijing náà, ọkọ̀ ayárabíàṣá ti ń gba Zhangjiakou lọ síbẹ̀ láti ìparí 2019, ẹ lè jẹun àárọ̀ ní Beijing kí ẹ jẹ ti ọ̀sán ní Datong. Ibùdókọ̀ Datong South jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo kọ́kọ́ sanwó fún lórí fóònù wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n ní àwọn kì í gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, òtútù ń bù mí jẹ. Wọ́n dá owó mi padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mò ń wá nígbà yẹn. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì yín kí ẹ tó gbéra.

Ẹnubodè Heyang, tó wà ní ìlà-oòrùn, ni mo ti gun odi. Odi náà ní igun mẹ́rin bí àpótí, ẹnubodè ńlá mẹ́rin ló sì ní: Heyang ní ìlà-oòrùn, Yongtai ní gúúsù, Qingyuan ní ìwọ̀-oòrùn, Wuding ní àríwá. Ó ga tó bí mítà mẹ́rìnlá, orí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ọkọ̀ méjì lè pàdé níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì bú ẹnì kejì. Yàrà wà nísàlẹ̀, ọgbà sì wà láàárín yàrà àti odi, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń jó ìjó ìdárayá ní òwúrọ̀. Ó gbà mí ju wákàtí mẹ́ta lọ láti yí i po, torí mò ń dúró wo nǹkan.

Kí ló jẹ́ tuntun, kí ló jẹ́ àtijọ́ níbẹ̀? Ìbéèrè tí mo bá lọ nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wù mí gan-an. Ní 1372, lábẹ́ ìjọba Ming, ọ̀gágun Xu Da mọ odi yìí sórí odi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n gún papọ̀ títí ó fi le bí òkúta, wọ́n sì fi bíríkì wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bíríkì náà kúrò lára rẹ̀, ó ku amọ̀ nìkan tó dúró gàgà láàárín ìlú bí ọ̀gán, tí àwọn èèyàn sì ń kọ́ ilé tì í. Geng kò wó amọ̀ náà. Bíríkì tuntun ló ní kí wọ́n fi wé e. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rìn lórí odi Datong, bíríkì ọmọ ọdún díẹ̀ lẹ ń tẹ̀, àmọ́ ìfun odi náà ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Èmi tí mo ti rí bàbá mi tó ń fi bíríkì wé ògiri alámọ̀ àwọn àgbà, mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ti le tó. Amọ̀ ń mí. Tí bíríkì bá há a mọ́ra jù, omi inú rẹ̀ á wá ọ̀nà gbà jáde. Ní ìdí odi lápá kan, mo rí ibi tí iyọ̀ funfun ti yọ sára bíríkì. Kì í ṣe àbùkù ńlá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú odi náà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Apá ìlà-oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, ìwọ̀-oòrùn ló kẹ́yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìsáré tí mo sọ ti wọlé nìyẹn. Ní oṣù kejì 2013, kí odi ìwọ̀-oòrùn tó parí, àṣẹ dé láti òkè: Geng ń lọ sí Taiyuan, yóò lọ ṣe méyọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ dúró. Odi náà là sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn bí eyín tó yọ, títí di 2016 tí wọ́n fi pa á dé. Mo dúró ní ẹ̀bá ẹnubodè Qingyuan fún ìgbà pípẹ́, mò ń wá ojú ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan ti parí tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí i.

Ní ti ìtọ́jú àlejò lórí odi: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Kò sí òjìji níbì kankan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí rẹ̀ kò mọ àánú, àwọn tó ń ta omi gbígbóná ò sì pọ̀ nígbà òtútù. Ẹ gbé agolo omi gbígbóná tiyín dání. Alẹ́ ni odi náà dùn wò jù, nígbà tí iná bá tàn lára àwọn ilé ìṣọ́, tí gbogbo ìlà odi sì yọ bí ẹni fi wúrà yàwòrán sójú òkùnkùn. Ẹ gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ ṣú bá yín lórí rẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo sanwó fún afinimọ̀nà kan, ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sọ ti Xu Da yékéyéké. Ó sọ pé Datong ti ṣe olú-ìlú ìjọba Northern Wei láti 398 sí 494, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pingcheng. Ó sọ ti àwọn jagunjagun tó ń ti àríwá wá. Ó fò láti 1372 bọ́ sí òní. Mo ní: “Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń gbé ibi ọgbà tó wà nísàlẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ńkọ́?” Ó ní wọ́n ti kó lọ sí ilé tuntun, ó sì pa dà sí ọ̀rọ̀ ọ̀gágun. Nínú gbogbo pátákó tí mo kà lórí odi, mi ò rí ìlà kan nípa wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n kó kúrò. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá òtútù ò mú mi, mo ní ó mú mi, màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní èso sunflower mú jẹ. Nígbà tí mo bi í nípa odi, ó na ọwọ́ sí igi kan tó wà ní bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí wa, ó ní ibẹ̀ ni ilé ìdáná òun wà. Ìdílé mẹ́fà ló ń lo àgbàlá náà, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní ìkángun àdúgbò. Tí òtútù bá dé, èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń dá sí ààrò, àárọ̀ gbogbo ni imú ọmọ ń dúdú. Báyìí ó ń gbé òkè kẹtàdínlógún nínú ilé gíga kan. Ilé náà gbóná, omi ń yọ. “Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí mọ́ nígbà òtútù.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ìyàwó àbúrò ọkọ òun kò rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ìwé ilé rẹ̀ kò pé, owó gbà-máà-bínú tí wọ́n fún un kò tó ra yàrá méjì. Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìlú mìíràn, wọn kì í sì í wá sí Datong mọ́, bí ọdún tuntun bá tiẹ̀ dé.

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí Méyọ̀ Geng. Ó ní òun wà lára àwọn tó jáde lọ́dún 2013 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé e lọ.

Mi ò lè tètè sọ̀rọ̀. Mo ti kà nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn èèyàn kúnlẹ̀ ní gbàgede, pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn tí ilé wọn kò bọ́ sọ́wọ́ katakata ni. Màmá yìí ní, ẹni tó wó ilé òun, òun fẹ́ kó dúró parí iṣẹ́, kó má lọ di pé wíwó ni wọ́n wó ilé òun lásán. Àwa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba nìyẹn. Ilé màmá yìí kì í ṣe ilé ọba, ẹwà tó bù sí i sì ti di ti gbogbo ìlú. Ìyẹn ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ sára pátákó kan lórí odi yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ 1372 sí.

Ẹ wọ inú ìlú àtijọ́ náà. Ojú pópó mọ́, òrùlé tuntun tẹ̀lé òrùlé tuntun, gbogbo rẹ̀ ní ìrísí ayé Ming. Ní àdúgbò mélòó kan tí mo rìn, ìlẹ̀kùn ni mò ń rí, mi ò rí èèyàn. Mi ò rí aṣọ tí wọ́n sá, mi ò gbóòórùn ọbẹ̀. Ní 2019, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé gbígbé àti èyí tó ń rí sí ohun àjogúnbá bá ìlú márùn-ún wí ní gbangba pé wọn kò tọ́jú ìlú àtijọ́ wọn bó ti yẹ. Datong wà lára wọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n wó ojúlówó, wọ́n kọ́ àfarawé dípò rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn ní ti àwọn àdúgbò yìí. Ní ti odi, mi ò gbà tán, torí amọ̀ Xu Da ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú èrò Geng ni pé kò gbìyànjú láti kó gbogbo nǹkan sínú odi. Ní 1950, Liang Sicheng, ọ̀mọ̀wé tó mọ ìtàn ilé kíkọ́ Ṣáínà dunjú, dábàá pé kí wọ́n fi Beijing àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì ìjọba tuntun sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Wọn ò gbà fún un, odi Beijing sì wó. Geng mú irú èrò yẹn, ó fi ṣe Datong: ìlú àtijọ́ ní ìwọ̀-oòrùn odò Yu, ìlú tuntun ní ìlà-oòrùn rẹ̀, pẹ̀lú ibi ìkówèésí, ilé ìṣeré àti ilé ọnà tí iléeṣẹ́ Foster yàwòrán rẹ̀. Gbèsè ńlá ló fi sílẹ̀ nídìí gbogbo rẹ̀, àwọn tó jẹ tẹ̀lé e ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Oúnjẹ: ẹ jẹ dao xiao mian, irú núdùù kan. Ọkùnrin tó ń sè é á gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n po le sí èjìká, á máa fi ọ̀bẹ bẹ́ ẹ sínú omi híhó, ìbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fò bí ẹja kékeré. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ 清真 (halal) sí lójú. Ẹ bu ọtí kíkan Shanxi sí i. Ata wọn kò mú tó tiwa, mo gbé tèmi dání.

Ògiri Dírágónì Mẹ́sàn-án ti 1392 wà nínú ìlú, ó gùn ju mítà márùndínláàádọ́ta lọ, ojúlówó ni, ẹ ò nílò ju ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Tẹ́ńpìlì Huayan ní gbọ̀ngàn onígi tó ti dúró láti 1038. Ihò àpáta Yungang ni kí ẹ fún ní odindi ọjọ́ kejì. Nǹkan bíi 460 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ère tó lé ní 51,000 ló wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2001. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, mo dúró níwájú ère ńlá ihò 20 títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Ní 2019 ni Geng kúrò nípò méyọ̀ Taiyuan. Mi ò tíì rí i rí. Mo fi àwòrán ìdí odi ránṣẹ́ sí bàbá mi, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Kò béèrè orúkọ méyọ̀. Ó ní kí n lọ ya igun odi náà wá, torí igun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó na okùn. Ìbá jẹ́ pé mo ti mọ̀, igun ìlà-oòrùn àríwá ni mi ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pa dà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta kí ọkọ̀ mi tó gbéra, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn án. Mo ya igun náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó tọ́ gbọnrangandan. Bàbá mi wò ó, ó ní: “Ẹni yìí jẹun dáadáa kó tó ṣiṣẹ́.” Kò tíì yin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ létí mi rí.